Káàdì Àwìn Àwọn Ọlọ́kọ̀ Òfurufú: Ṣé Èènì Rẹ̀ Tó Owó Ọdún Rẹ̀?

Kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí èènì jẹ́. Oníbàárà ra gàrí kóńgò mẹ́ta, ìyá oníṣọ̀ sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá, nítorí ìyá oníṣọ̀ ti mọ ibi tí yóò ti rí i padà: ó mọ̀ pé lọ́la oníbàárà náà kò ní kọjá ìṣọ̀ òun lọ sí ti ẹlòmíràn. Ohun tí a kò rí rí ní ọjà wa ni pé kí ìyá oníṣọ̀ wí fún oníbàárà pé, "Bí o bá fẹ́ máa gba èènì lọ́wọ́ mi, ìwọ yóò máa san owó kan fún mi lọ́dọọdún." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì rí ní Amẹ́ríkà lórí káàdì àwìn àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan ojú ìwé àwa Mùsùlùmí nínú káàdì ará Amẹ́ríkà. Ó kàn wá púpọ̀. Ilé tí ó ní ọmọ ní Houston tàbí Chicago tàbí Baltimore kò lóǹkà mọ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìwó, ní Ẹdẹ àti ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń wọ bàálù wá sílé fún Iléyá, fún ìgbéyàwó àti fún òkú àgbà. Àwọn kan nínú wọn gba káàdì yìí kí wọn lè fi èènì rẹ̀ gba ìwé ọkọ̀ fún ìyá wọn. Inú ìyá a dùn, a sì máa ṣàdúrà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá kò mọ iye tí káàdì náà ń gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dún. Nígbà mìíràn ọmọ náà gan-an kò mọ̀ ọ́n, àfi bí ó bá rí i nínú ìwé ìṣirò oṣù, tí ẹnu yà á.

Ó yẹ kí a mọ bí ọjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni American Airlines dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní AAdvantage. Bí ènìyàn bá ti ń wọ ọkọ̀ wọn ni wọn yóò máa ka máìlì tí ó fò jọ fún un, nígbà tí máìlì náà bá sì pọ̀ tó, yóò fi gba ìwé ọkọ̀ láìra á. United ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan náà, Delta àti àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ní 1987 ni American àti Citibank pawọ́ pọ̀ gbé káàdì àwìn jáde, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ra ẹran lọ́jà tàbí tí ó ra epo sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lè máa rí máìlì gbà láìtilẹ̀ wọ bàálù rárá. Láti ìgbà náà ni máìlì ti di ọjà títà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú a tà á fún bánkì, bánkì a sì pín in fún àwọn oníkáàdì. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó kékeré ni ó wà nínú rẹ̀ o. Ní 2023, owó tí Delta gbà lọ́wọ́ American Express fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 7 dọ́là. Ní 2024 ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí bánkì ti ń rí irú owó bẹ́ẹ̀ san. Nínú owó tí wọ́n ń yọ lára ọlọ́jà nígbàkígbà tí oníbàárà bá fi káàdì sanwó ni, àti nínú èlé tí àwọn tí kò san gbèsè wọn tán ń san, àti nínú owó ọdún tí mo ń wí yìí.

Owó ọdún náà kì í dúró lójú kan. Delta ní káàdì mẹ́rin tí ènìyàn lè fi ra nǹkan fún ara rẹ̀. Èyí tí ó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Blue, kò gba owó ọdún rárá. Gold ń gba dọ́là 99 tẹ́lẹ̀, Platinum ń gba 250, Reserve ń gba 550. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n gbé wọn sókè: Gold di 150, Platinum di 350, Reserve di 650. United náà kò dákẹ́. Káàdì Explorer tiwọn, tí ó ti ń gba 95, di 150 ní 2025; èyí tí ó kéré jù nínú tiwọn, Gateway, ni kò gba nǹkan kan. Ẹ sì wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Gold kò ní san owó ọdún àkọ́kọ́. Ọdún kan á fò lọ bí ẹyẹ, oníkáàdì á ti gbàgbé, owó ọdún kejì á sì wọlé sí i lọ́rùn ní òru.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ti í ṣírò. Ohun pàtàkì tí Gold ń fún ènìyàn ni pé kò ní san owó àpótí àkọ́kọ́ tí ó bá kó sínú ọkọ̀ Delta, òun àti àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìrìn-àjò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2024 Delta gbé owó àpótí náà sí dọ́là 35 ní àlọ, 35 ní àbọ̀, fún ìrìn-àjò inú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń dá rìn, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, 70 ni ó rí gbà padà nínú 150. Ó ti fi 80 ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì ni, tí wọ́n kó àpótí mẹ́rin, 280 ni wọ́n rí nínú ìrìn-àjò kan ṣoṣo, káàdì sì ti san ara rẹ̀. Nítorí náà, káàdì kan náà lè jẹ́ èrè fún ẹnìkan kí ó sì jẹ́ àdánù fún ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí ni ó fi yẹ kí olúkúlùkù mú bébà àti gègé, kí ó ṣe ìṣirò tirẹ̀, kí ó má ṣe wo aago aláago ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé Èkó nìkan ni ó ń fò wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò ti wo ilẹ̀ dáadáa. Ìwé ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn púpọ̀ ti gba àpótí mọ́ owó rẹ̀ kí ènìyàn tó yọ káàdì kankan jáde. Bí ìwé ọkọ̀ tí o rà bá ti fún ọ ní àpótí rẹ, kí ni káàdì náà fi kún un? Bẹ́ẹ̀ náà ni Platinum. Ẹni tí ó bá san 350 rẹ̀ fún ọdún tuntun, wọn a fún un ní ìwé kan tí ó lè fi mú ẹnìkejì rìn, tí ó jẹ́ pé owó orí àti àwọn owó wẹ́wẹ́ nìkan ni yóò san fún ẹni náà. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ inú Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Caribbean àti Central America ni ìwé náà mọ. Kò dé Èkó. Ọmọ tí kò ní ibi tí ó ń lọ ju ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì, ń san 350 fún ìwé tí yóò gbó sínú àpò.

Èmi kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń wí pé máìlì tí ó wà nílẹ̀ ni ìdí tí àwọn kò fi lè fi káàdì sílẹ̀. Máìlì tí káàdì Delta tàbí ti United bá mú wá, inú ìwé ènìyàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ó wà, kò sí lọ́wọ́ bánkì mọ́. Bí káàdì bá kú, máìlì kò kú. Ti Delta kì í ní ọjọ́ tí ó ń parí. United náà mú ọjọ́ ìparí kúrò lára tirẹ̀ ní 2019. Ti American ni a níláti ṣọ́ra fún, nítorí bí àgbàlagbà kò bá fi ọwọ́ kan ìwé máìlì rẹ̀ fún oṣù 24, tí kò sì ní káàdì wọn, ó lè pòórá. Àwọn tí ó wà ní ìlú Òyìnbó tí ó ń kó Avios jọ lọ́dọ̀ British Airways ní oṣù 36. Ohun tí ó ń sọnù pẹ̀lú káàdì ni àwọn èènì tí ó jẹ́ ti bánkì fúnra rẹ̀, irú èyí tí American Express ń pè ní Membership Rewards. Ẹni tí ó bá pa èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn káàdì tí ó ń mú irú èènì bẹ́ẹ̀ wá kí ó tó ná wọn, ó ti da omi rẹ̀ nù.

Ní tòótọ́, kíkó máìlì pamọ́ fún ọdún pípẹ́ kò ní ọgbọ́n nínú. Ọlọ́jà ni ó ni èènì, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì wà láti dín in kù. Láti 2015 ni Delta ti yọ ìwé tí ó ń fi iye máìlì tí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ń gbà hàn kúrò níta. Iye tí wọ́n bá wí ní ọjọ́ tí o bá béèrè ni iye rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 wọ́n kéde òfin tuntun tí ó mú kí ipò ọlá lọ́dọ̀ wọn ṣòro láti dé, tí ó sì dín iye ìgbà tí àwọn oníkáàdì lè wọ yàrá ìsinmi wọn ní pápákọ̀ kù. Ariwo ta. Ọ̀gá àgbà wọn, Ed Bastian, fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti ṣe é jù, ní oṣù kẹwàá wọ́n sì dẹ okùn náà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Bí ìṣirò bá wá fi hàn pé èènì kò tó owó ọdún, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ènìyàn lè pa káàdì náà rẹ́ pátápátá. Ó sì lè bẹ bánkì pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èyí tí kò gba owó ọdún: Gold sí Blue, Explorer sí Gateway. Èrò tèmi ni pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ó dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tí kò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ìlú náà, wọ́n ń fún olúkúlùkù ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí gbèsè rẹ̀. Máàkì náà ni onílé ń wò kí ó tó fún ènìyàn ní yàrá, òun ni bánkì ń wò kí ó tó yá ènìyàn lówó. Nínú máàkì tí wọ́n ń pè ní FICO, sísan gbèsè lásìkò ni ó kó 35 nínú 100, iye gbèsè tí ó wà nílẹ̀ ni ó sì kó 30. Ká ní ọmọ kan ní káàdì méjì: ọ̀kan gbà á láyè láti ra àwìn 6,000 dọ́là, èkejì 4,000. Ó ń ra ọjà 2,000 lóṣù. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lò nínú 10,000 rẹ̀. Bí ó bá pa ti 6,000 rẹ́, 2,000 kan náà ti di ìdajì 4,000 tí ó kù, máàkì rẹ̀ sì lè wálẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń san gbèsè náà tán lóṣooṣù. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni, 6,000 náà sábà máa ń dúró síbẹ̀, kò sì sí pé ó ń kọ ìwé tuntun láti bẹ bánkì.

Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀rù yìí ti bà jù, tí wọ́n ń san 350 lọ́dọọdún nítorí máàkì nìkan. Asán ni. Káàdì tí a pa rẹ́ láìjẹ gbèsè lè wà nínú ìwé ènìyàn fún ọdún 10, tí yóò máa jẹ́rìí rere fún un. Ẹni tí ó ní káàdì púpọ̀ tí kò sì jẹ gbèsè lórí wọn, bí ó bá pa ọ̀kan rẹ́, ilé kò ní wó.

Àsìkò ni gbogbo rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bánkì fi tó oníkáàdì létí nígbà tí owó ọdún bá ń bọ̀, kí wọ́n sì wí fún un bí ó ṣe lè dá káàdì padà kí owó náà má baà mú un. American Express fún ènìyàn ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé ìṣirò tí owó náà wà nínú rẹ̀ bá ti parí. Ẹni tí ó bá pa káàdì rẹ̀ rẹ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí yóò gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá jókòó di oṣù kẹta, ó ti san án nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ènìyàn yára jù. Bí ó bá pa á rẹ́ tàbí tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé, bánkì náà lè gba èènì ìkíni-káàbọ̀ tí wọ́n fún un padà, ó sì wà nínú àdéhùn.

Kí ó tó gé káàdì náà, kí ó tẹ bánkì láago ná, kí ó wí pé òun ń lọ nítorí owó ọdún. Ẹ̀yin ará ọjà, ṣé ó yẹ kí n kọ́ yín ní èyí? Nígbà tí oníbàárà bá kẹ̀yìn, tí ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ni ọlọ́jà ń pè é padà. Àwọn náà a máa pe ènìyàn padà. Nígbà mìíràn wọn a fi máìlì tàbí owó díẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró fún ọdún kan sí i. Bí ohun tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ bá tó owó ọdún, kí ó dúró. Bí kò bá tó, kí ó máa lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà kan yóò wí pé kí ni a ń ṣírò, ṣé káàdì àwìn tọ́ sí Mùsùlùmí rárá? Ìbéèrè pàtàkì ni, èmi kò sì ní fò ó. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam tí ó wà lábẹ́ Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Islam jókòó lórí rẹ̀ ní Riyadh ní oṣù kẹsàn-án 2000. Wọ́n ní owó pàtó tí bánkì ń gbà nígbà tí ó bá fún ènìyàn ní káàdì tàbí tí ó bá sọ ọ́ di ọ̀tun kò burú, bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. Nítorí náà, owó ọdún kì í ṣe ríbà. Ohun tí wọ́n lòdì sí ni káàdì tí èlé wà nínú àdéhùn rẹ̀, wọ́n sì ní kò tọ́ kí a gbà á kódà bí ẹni náà bá ní i lọ́kàn láti san gbèsè rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn onímọ̀ mìíràn wà tí wọ́n gbà á láyè fún ẹni tí ó dá ara rẹ̀ lójú pé èlé kò ní kàn án láéláé. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ti Riyadh, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn: kí ó pa káàdì rẹ́, kí ó máa ná owó tí ó ní ní bánkì. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé èkejì, kí ó pàṣẹ fún bánkì rẹ̀ láti máa san gbogbo gbèsè náà lóṣooṣù láìku kọ́bọ̀, nítorí èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ti ju 20 nínú 100 lọ́dún lọ. Ẹni tí ó jẹ gbèsè 3,000 fún ọdún kan tí kò dín kù yóò san ju 600 lọ ní èlé. Máìlì wo ni ó tó èyí? Ọ̀rọ̀ owó ọdún kò tilẹ̀ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná. Kí ó kọ́kọ́ san gbèsè.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń béèrè bóyá kì í ṣe ẹ̀tàn, kí ènìyàn gba èènì ìkíni-káàbọ̀, kí ó lo ọdún kan, kí ó sì lọ. Bí ó bá ti kọ òtítọ́ sínú ìwé tí ó fi béèrè káàdì, tí kò purọ́ iye owó oṣù rẹ̀, tí ó san gbèsè rẹ̀ tán, tí ó sì lo àkókò tí àdéhùn wí, èmi kò rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bánkì ni ó kọ àdéhùn náà, kò sì sí ìgbà tí bánkì pàdánù lójú oorun. Ohun tí ó burú ni ti ẹni tí ó ju káàdì sínú dúrọ́ọ̀, tí ó ní òun kò lò ó mọ́, owó ọdún òun ti tán. Kò tán o. Ó ń jókòó síbẹ̀ bí gbèsè, owó ìjáfara ń gorí rẹ̀, èlé ń gorí rẹ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, gbèsè òkú ni a kọ́kọ́ ń san kí a tó pín ogún rẹ̀.

Ohun kan kù, ó sì kan àwọn ìyá wa tí ó ń lọ ra ọjà ní òkèèrè. Àwọn ọmọ kan ní Amẹ́ríkà ti gba káàdì kejì lórí káàdì tiwọn, wọ́n sì kọ orúkọ ìyá wọn sí i kí ó lè máa fi sanwó. Ọjọ́ tí ọmọ bá pa tirẹ̀ rẹ́ ni ti ìyá kú pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ọmọ tẹ ìyá rẹ̀ láago ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó béèrè ọjà tí ó ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì sanwó rẹ̀ tán, kí ó sì mú gbogbo owó tí ń lọ lóṣooṣù láti orí káàdì náà, ti tẹlifóònù àti ti iná, lọ sí ibòmíràn. Bí ìyá bá wà ní Dubai lọ́wọ́ tí ó ń kó aṣọ, kí ọmọ náà mú sùúrù títí yóò fi dé ilé, bí 30 ọjọ́ náà bá ṣì gbà á.